Aṣọ Funfun Tí Mi Ò Rà ní Mẹ́kà

Aṣọ náà wà lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín máa fẹ́ gbè mí lẹ́yìn, wọ́n á ní bóyá mi ò rí i rà ni. Mo rí i. Mo gbé e, mo fọwọ́ pa á, mo béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Kò wọ́n. Lẹ́yìn náà ni mo dá a padà fún ẹni tó ni ín, mo sì kọjá síbi tí wọ́n ti ń ta àbáyà.

Safiyat ni orúkọ mi. Ọ̀fà ni mo ń gbé, mo sì ń ta aṣọ obìnrin ní ọjà Ọ̀wọ́dẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni mo ti padà sílé bàbá wa, tí èmi àti Màmá jọ ń gbé. Ọmọ méjì péré ni Màmá bí, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Kamaldeen tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìlọrin.

Kì í ṣe èmi ló yẹ kó lọ sí Mẹ́kà lọ́dún yẹn. Màmá ni. Ẹ̀gbọ́n mi ló san owó ìrìn àjò náà, gbogbo àdúgbò sì ti ń pe Màmá ní Alhaja kí wọ́n tó fojú kan bàálù. Àfi bí orúnkún wọn ṣe wú lójijì. Dókítà ní kí wọ́n má tilẹ̀ dán an wò.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká fi í di ọdún tó ń bọ̀."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ta ló bá mi so ọdún tó ń bọ̀ mọ́lẹ̀? Safiyat ni kó lọ dípò mi."

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ gbéra, wọ́n pè mí wọ yàrá, wọ́n ní kí n jókòó. Wọn ò béèrè góòlù, wọn ò béèrè tẹ̀sùbáà.

"Aṣọ funfun tí ẹ máa fi sin mí ni kí o bá mi rà bọ̀," Màmá wí. "Kí o fi omi Zamzam fọ̀ ọ́ níbẹ̀. Kó gbẹ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ò débẹ̀, kí ohun tó débẹ̀ bá mi wọlẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́."

Kì í ṣe nǹkan tuntun. Ọ̀pọ̀ àwa Mùsùlùmí níhìn-ín, tá a bá lọ sí Mẹ́kà, a máa ń ra aṣọ ìsìnkú ara wa bọ̀, a ó fi omi mímọ́ yẹn fọ̀ ọ́, a ó sì tọ́jú rẹ̀ sísàlẹ̀ àpótí títí dọjọ́ tí Ọlọ́hun bá pè. Mo ní, "Màmá, ẹ ti rí i gbà." Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ohun tó ń dùn mí dòní nìyẹn, pé irọ́ kọ́ ni mo ń pa lọ́jọ́ yẹn.

Ní Mẹ́kà, yàrá kan náà ni wọ́n kó èmi àti Màrdíyyàh sí. Ọmọ Ojoku ni, ẹgbẹ́ mi, ẹ̀rín kì í jìnnà sí i lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ tá a débẹ̀ ló ti ra aṣọ ìsìnkú tirẹ̀ àti ti ìyá ọkọ rẹ̀. Ó bu omi Zamzam sínú ike, ó fọ aṣọ náà, ó sì sá a ká ojú fèrèsé àti orí bẹ́ẹ̀dì. Omi ń ro sórí kápẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ọkùnrin tó ń tún yàrá ṣe wọlé, ó fi igbe ta ní èdè Lárúbáwá. Màrdíyyàh kúnlẹ̀, ó ń fi Yorùbá bẹ̀ ẹ́: "Bàbá, ẹ má bínú, aṣọ ikú mi ni." Ọkùnrin náà kò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo aṣọ náà, ó dákẹ́, ó jáde, ó sì mú okùn wá bá a so ó.

"Tìẹ ńkọ́?" Màrdíyyàh bi mí.

"Mo ń bọ̀ wá rà á."

Mo ń bọ̀ wá rà á títí ó fi ku ọ̀la ká padà sílé. Kí ni mo ń rà? Àbáyà. Ẹni tó ń ta aṣọ, tí wọ́n wá gbé e sáàárín aṣọ, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Mo ti ń fojú inú wo àwọn ọmọ Poli níwájú ìsọ̀ mi, tí wọ́n ń bi mí pé, "Alhaja, ti Mẹ́kà gangan ni?" Èmi náà á ní, "Ṣé ẹ rò pé mo lọ ṣeré níbẹ̀ ni?"

Kílò méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fún oníkálukú láyè. A gbé báàgì mi sórí òṣùwọ̀n nísàlẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé.

Màrdíyyàh ní, "Tèmi ti kún dẹ́nu, ǹ bá bá ọ gbé e. Yọ àbáyà méjì, kí aṣọ Màmá lè wọlé."

"Aṣọ funfun ni aṣọ funfun. Èyí tí wọ́n ń tà ní Ìlọrin, ṣé dúdú ni?"

"Kì í ṣe funfun ni wọ́n ní kí o rà, Safiyat. Ti Mẹ́kà ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi, mo bá jáde. Bàbá arúgbó kan ń ta aṣọ ìsìnkú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì wa. Ó nàka sí mi, bíi pé ṣé tèmi ni. Mo mi orí. Mo ní, "Ummi," ìyẹn ìyá mi ní èdè wọn, ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ bíi mẹ́wàá tí mo gbọ́ níbẹ̀. Ojú rẹ̀ rọ̀. Ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó ṣe àdúrà, ó ká aṣọ náà dáadáa, ó sì fi lé mi lọ́wọ́. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ.

Ibi tí mo dúró sí yẹn ni ẹni tó ń ta àbáyà ní ìsọ̀ kejì ti rí mi. Àbáyà aláwọ̀ ewé kan wà lọ́rùn igi lọ́dọ̀ rẹ̀, tí wọ́n fi òwú fàdákà ṣiṣẹ́ sí lápá. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo ti fi ń ná an. Ọkùnrin náà juwọ́ sí mi pé òun gbà, kí n wá mú un ní iye tí mo ní.

Mo ro kílò. Ọ̀kan péré ló lè wọlé.

Mo dá aṣọ funfun padà sọ́wọ́ bàbá arúgbó. Ó rò pé owó ni mi ò ní tó. Ó ń dínwó, mo ń rìn lọ. Ó tún jáde síta, ó ń pè mí lẹ́yìn: "Ummi! Ummi!" Mi ò bojú wẹ̀yìn.

Bí mo ṣe balẹ̀ sí Ìlọrin, ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mo sùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo sọ fún Sherifat, ìyàwó wọn, pé mo fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan. Ọjà ni mo lọ. Mo ra aṣọ funfun. Mi ò fẹ́ rà á ní Ọ̀fà, nítorí kò sí ẹni tó ń ta aṣọ ní Ọ̀wọ́dẹ̀ tí kò mọ̀ mí. Ẹ wo bí mo ṣe lo ọgbọ́n.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Màmá pé báàgì kejì tí aṣọ wọn wà nínú rẹ̀ ṣì ń bọ̀. Mo kó sínú ìsọ̀ mi, mo tilẹ̀kùn, mo da ìgò Zamzam kan sínú korobá omi kànga, mo fi fọ aṣọ náà. Àsìkò òjò ni, kò gbẹ bọ̀rọ̀. Oòrùn Mẹ́kà wá di fáànù. Mo wọ́n káfúrà sí i kó lè ta sánsán, mo wá gbé e lọ fún Màmá.

Wọ́n gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n fi bojú. Ẹ̀yìn ọdún tí bàbá wa kú, mi ò rí i kí ìyá mi sunkún, àmọ́ wọ́n sunkún sínú aṣọ yẹn.

"Safiyat, báwo lo ṣe fọ̀ ọ́? Sọ fún mi. Má fo nǹkan kan."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ìtàn Màrdíyyàh ni mo gbé fún wọn. Mo ní èmi ni mo sá a sójú fèrèsé. Mo ní èmi ni mo kúnlẹ̀ tí mo ń fi Yorùbá bẹ òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ó sì bá ọ so okùn! Ọlọ́hun á dá a lóore."

Láti ọjọ́ náà, kò sí àlejò tó wọlé wa tí wọn ò ní pè mí fún. "Safiyat, wá sọ ti kápẹ́ẹ̀tì fún wọn." Màá tún sọ ọ́. Mo ń fi iyọ̀ sí i, mo ń fi ata sí i. Ó tó àsìkò kan tí èmi fúnra mi ń rí i lójú bíi pé ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àsàlátù Màmá á máa fi ọwọ́ kan aṣọ náà, wọ́n á ní, "Ọmọ tó yẹ kéèyàn bí nìyí." Tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ̀yin náà á yìn mí.

Ọdún kan kọjá. Àárẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú Màmá, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń wà jù. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbọ́ sálámà lẹ́nu ọ̀nà. Màrdíyyàh ni, ó gbé iṣu Ojoku lọ́wọ́, ó ní òun gbọ́ pé ara ìyá wa ò yá.

Ẹ̀yin òǹkàwé, inú mi dùn láti rí i. Mo tilẹ̀ ti gbàgbé pé ó yẹ kí n bẹ̀rù rẹ̀.

Màmá ní kí n gbé wọn dìde jókòó. "Ṣé ìwọ lo bá ọmọ mi sun yàrá kan náà? Ó dáa. Ìwọ náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bínú sí i nítorí kápẹ́ẹ̀tì?"

Màrdíyyàh bú sẹ́rìn-ín. "Sí i? Èmi ni wọ́n bínú sí o, Màmá! Èmi tí mo kúnlẹ̀, mo ní 'Bàbá, aṣọ ikú mi ni'! Safiyat kàn ń fi mí ṣẹ̀rín lórí bẹ́ẹ̀dì ni."

Mo ń ṣẹ́jú sí i. Kò rí mi, Màmá ló kọjú sí.

"Ìwọ ni?" Màmá bi í. "Aṣọ tirẹ̀ ńkọ́? Kò sá a síbẹ̀ ni?"

"Aṣọ wo, Màmá? Kò rà. Mo bá a sọ̀rọ̀ títí, ó ní báàgì òun ti kún..."

Ìgbà yẹn ló tó wojú mi. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ó wo àpótí tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó wo ilẹ̀.

Màmá ò jẹ́ kó jìyà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ṣeun iṣu yìí. Tó o bá délé, bá mi kí ìyá ọkọ rẹ." Màrdíyyàh dìde. Kò lè kí mi pé ó dàbọ̀.

Ó ku èmi àti ìyá mi. Wọn ò pariwo. Ǹ bá fẹ́ kí wọ́n pariwo.

"Níbo lo ti rà á?"

"Ìlọrin, Màmá."

"Omi wo lo fi fọ̀ ọ́?"

"Mo da Zamzam díẹ̀ sí i. Omi kànga ló pọ̀ jù."

"Níbo ló ti gbẹ?"

"Nínú ìsọ̀ mi. Fáànù ni mo tàn sí i."

Wọ́n wá ní, "Ọ̀rọ̀ kápẹ́ẹ̀tì yẹn, ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù."

Mo kúnlẹ̀, mo dorí kọ ẹsẹ̀ wọn, mo ń sunkún. Mo ní mo mọ àwọn tó ń lọ ṣe Úmúrà ní Mẹ́kà lóṣù tó ń bọ̀, mo máa rán wọn, wọ́n á ra èyí tó jẹ́ ojúlówó.

"Kí o wá fi òótọ́ bo irọ́ mọ́lẹ̀? Kì í ṣe aṣọ ni mo ń wí, Safiyat. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àlfáà pé aṣọ kì í gbé èèyàn dé Àlùjánnà. Mo kàn fẹ́ kí ọmọ mi rántí mi níbẹ̀ ni."

Mo di ẹsẹ̀ wọn mú.

"Mo dárí jì ọ́," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ fi aṣọ yẹn sin mí. Mi ò ní ru irọ́ tí mi ò pa wọ sàréè. Sọ fún Kamaldeen kó ra ti ọjà, kó sì mọ ìdí ẹ̀."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn."

"Ẹnu mi kọ́ ló pa á."

Ọjọ́ Sátidé ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń wá kí Màmá. Mo ní Sátidé ni màá sọ ọ́. Mo fi gbogbo ọ̀sẹ̀ to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu. Sátidé pé, ẹ̀gbọ́n mi jókòó, wọ́n ń bó ọsàn fún Màmá. Màmá wò mí. Wọ́n ní, "Kamaldeen, àbúrò rẹ ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá ọ sọ."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. "Kí ló dé, Alhaja?"

Alhaja tí wọ́n pè mí yẹn ló pa mí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, òrùlé ilé ìdáná ló ń jò."

Lọ́jọ́ Ajé, káfíńtà dé.

Ní Sátidé kejì, Sherifat bá wọn wá. Ó ti ròyìn mi fún ìyá tirẹ̀, ó ní ìyá òun ń ṣàdúrà kí òun náà jẹ́ irú ọmọ bíi tèmi. Ta ni yóò sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn? Ní Sátidé kẹta, Màmá ò la ọ̀nà fún mi mọ́. Wọ́n kàn ń wò mí ni. Mo bá lọ ń fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ kẹrin tó pé, ẹ̀gbà mú wọn. Apá ọ̀tún kú, ahọ́n sì wúwo. Ẹ̀gbọ́n mi sáré dé. Ọsibítù dá wọn padà sílé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ní ká máa tọ́jú wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí tó kàn, nítorí òun ni mo tìtorí ẹ̀ kọ gbogbo èyí.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ Màmá wà lọ́wọ́ wọn. Èmi mú ife omi dání. Màmá yọ ọwọ́ òsì, wọ́n nà án sí àpótí. Wọ́n ń gbìyànjú láti sọ̀rọ̀, ìró lásán ló ń jáde. Wọ́n tún nà án.

Ojú ẹ̀gbọ́n mi kún fún omi. Wọ́n ní, "Aṣọ Mẹ́kà wọn ni wọ́n ń sọ. Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Òun la máa lò. A ò ní gbàgbé."

Màmá wá mi orí. Wọ́n tún mi í. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé àìsàn ló ń gbọ̀n wọ́n, wọ́n fi ọwọ́ di orí wọn mú jẹ́jẹ́ kó má mì mọ́. "Ó ti tó, Màmá. Ẹ sinmi. Òun la máa lò, mo ṣèlérí."

Ojú Màmá wá kúrò lára wọn, ó dúró lára mi. Wọn ò bínú. Wọ́n ń bẹ̀ mí ni. Ìyá mi ń fojú bẹ̀ mí.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n fún wọn lómi."

Màmá ò mu omi náà. Wọ́n pa ojú dé, wọn ò sì wò mí mọ́ títí Ọlọ́hun fi gbà wọ́n, ní àárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun àsùbáà.

Ẹ mọ̀ pé àwa kì í fi òkú falẹ̀. Kí aago mẹ́wàá tó lù, ilé ti kún. Alhaja Nàfísàt, àgbà tó máa ń wẹ òkú obìnrin ládùúgbò wa, ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Mo wà lára àwọn tó ń da omi. Ìyá mi fúyẹ́ lọ́wọ́ wa. Nígbà tá a wẹ̀ wọ́n tán, Alhaja Nàfísàt ní, "Safiyat, gbé aṣọ Mẹ́kà wá."

Mo dé ìdí àpótí. Mo ronú pé mo lè rán ẹnì kan lọ sọ́jà kíá, kó ra òmíràn, kí n fi pààrọ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ lẹ́nu Màmá pé kì í ṣe aṣọ. Aṣọ Mẹ́kà ni wọ́n á ṣì máa pe òmíràn náà. Gbólóhùn kan péré ló kù kí n sọ: "Irọ́ ni mo pa." Mo la ẹnu. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi lóde, wọ́n ń sọ fún àwọn àlejò pé àbúrò òun ló ra aṣọ náà, pé èmi fúnra mi ni mo fi Zamzam fọ̀ ọ́ ní Mẹ́kà.

Mo gbé aṣọ náà jáde.

Alhaja Nàfísàt tú u, ó gbé e sí imú. "Ẹ gbóòórùn, ẹ̀yin èèyàn! Ẹ gbóòórùn Mẹ́kà!" Àwọn obìnrin ń fi imú kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń ní ojú rere ni Màmá bá lọ. Káfúrà tí mo rà ní Ìlọrin ni wọ́n ń gbóòórùn. Wọ́n ní kí n di etí aṣọ kan mú kí wọ́n lè gé e. Mo dì í mú. Gbogbo ìró yíya tí aṣọ náà ń ya ni mo ń gbọ́ lórí eyín mi.

Nígbà tí mo gbójú sókè, Màrdíyyàh dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ti Ojoku dé. Ó wo aṣọ, ó wò mí. Ó fa ìbòrí rẹ̀ bo ẹnu, ó sì jáde.

Ẹ̀yìnkùlé la sin Màmá sí. Fèrèsé yàrá mi kọjú síbẹ̀.

Lọ́jọ́ àdúrà ìjọ́ kẹjọ, ẹ̀gbọ́n mi dìde láàárín ìjọ, wọ́n ní èmi ni mo ṣe ọmọ fún Màmá ju àwọn lọ. Gbogbo èèyàn ṣe àmín. Màrdíyyàh wà níbẹ̀. Mo lọ bá a lẹ́yìn ilé níbi tó ti ń fọwọ́.

Mo ní, "Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ tán kó tó dáhùn. "Mo dúró dè ọ́. Mo ní ó máa sọ ọ́ báyìí, ó máa sọ ọ́ báyìí."

"Ìwọ náà mọ̀. O lè sọ ọ́."

"Safiyat, ìyá mi kọ́."

A ò tíì ríra láti ọjọ́ náà.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi yàtọ̀. Òtítọ́ bá tèmi, ó jókòó tì í, ó bẹ̀ mí, èmi ni mo tún lé e lọ. Mi ò ta aṣọ funfun mọ́ nínú ìsọ̀ mi. Bí oníbàárà bá béèrè, mo máa ń ní ó ti tán. Bí mo bá ń rìn lọ́jà tí ẹnì kan sì pe ìyá rẹ̀ lẹ́yìn mi, ara mi á bù máṣọ, mo ń gbọ́ bàbá arúgbó yẹn pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́. Mo máa ń lálàá Màmá. Wọn kì í bá mi wí. Wọ́n á jókòó síbẹ̀, orí wọn á máa mì, èmi á sì máa wá ibi tí mo máa gbé ife omi sí.

Àbáyà aláwọ̀ ewé yẹn ńkọ́? Mo tà á ní ọ̀sẹ̀ tí mo padà dé. Mi ò rántí ẹni tó rà á.

Nígbà tó sú mi, mo lọ bá Àlfáà Jàmíù, tó kí ìrun sí Màmá lára. Mo tú gbogbo rẹ̀ fún un. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó ní aṣọ Mẹ́kà àti aṣọ Ìlọrin, ọ̀kan náà ni lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, kí n má jẹ́ kí ìyẹn dà mí láàmú. Ara tù mí bí ìṣẹ́jú kan.

Ó wá bi mí pé, "Àṣẹ tí wọ́n pa fún ọ ńkọ́? Ta lo ti sọ fún?"

"Ẹ̀yin nìkan, Àlfáà."

"Èmi kọ́ ni wọ́n rán ọ sí."

Lẹ́ẹ̀mẹta ni mo ti lọ sí Ìlọrin láti ìgbà náà. Lẹ́ẹ̀mẹta ni mo ti jókòó síwájú ẹ̀gbọ́n mi, tí mo jẹun wọn, tí mo sì padà sílé. Nígbà tó kẹ́yìn, wọ́n ní àwọn ń múra àtilọ sí Mẹ́kà lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n ní kí n kọ́ wọn bí mo ṣe fọ aṣọ Màmá, kí àwọn náà lè ṣe tiwọn bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka èyí dé ìsàlẹ̀, ẹni tó bá rán yín níṣẹ́ tí ẹ ò jẹ́ ẹ, ẹ wí fún un pé ẹ ò jẹ́ ẹ. Ìtìjú rẹ̀ kò ju ọ̀sán kan lọ. Èmi ti fi ọ̀pọ̀ oṣù sá fún ọ̀sán kan.

Olóòtú ìwé ìròyìn tí ẹ ń kà yìí pè mí, wọ́n ní àwọn máa bá mi yí orúkọ gbogbo wa padà. Oṣooṣù ni ẹ̀gbọ́n mi ń ra ìwé yìí, ojú ìwé ìtàn ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ ṣí. Mo ní kí wọ́n fi orúkọ náà sílẹ̀ bó ṣe wà.